Ìtọ̀ Àgbà Ọkùnrin àti Ìkòkò Ọbẹ̀ Inú Ilé

Ní ọ̀pọ̀ ilé, ìyàwó ni ó kọ́kọ́ ń mọ̀. Baálé yóò dìde lóru lẹ́ẹ̀kan, yóò dìde lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí ilẹ̀ yóò bá fi mọ́, ilẹ̀kùn ti dún nígbà mẹ́rin tàbí márùn-ún. Bí ìyàwó bá béèrè, èsì tí yóò gbọ́ ni pé òtútù ni, tàbí pé omi tí òun mu ní alẹ́ ni ó pọ̀ jù. Lẹ́yìn náà ni bàbá yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ ní ilé ìtọ̀, ìtọ̀ tí ó ń dà ṣàà tẹ́lẹ̀ yóò sì di èyí tí ó ń kán tó-tó-tó. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin kì í sọ ọ́ síta. Abẹ́ ni ọ̀ràn náà wà, ojú sì máa ń ti àgbà láti tú ohun tí ó wà lábẹ́ aṣọ sí gbangba.

Kókó ẹran kékeré kan tí àwọn dókítà ń pè ní pírósítéètì ni ó sábà máa ń fa wàhálà yìí. Ọkùnrin nìkan ni ó ní in. Abẹ́ àpò ìtọ̀ gan-an ni ó wà, ó sì yí ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà jáde ká bí òrùka ti ń yí ìka ká. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pèsè lára omi tí ó ń gbé àtọ̀ ọkùnrin. Ní ìgbà èwe, kò tóbi ju awùsá ńlá kan lọ. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ orí bá ti ń pọ̀ sí i ni òun náà ń tóbi, ibi tí ó wà ni ó sì sọ ọ́ di ọ̀ràn, nítorí pé bí ó bá ti ń wú ni ó ń fún ọ̀nà ìtọ̀ pa, bí ìgbà tí ènìyàn bá fi ẹsẹ̀ tẹ rọ́bà tí omi ń gba inú rẹ̀ kọjá. Àpò ìtọ̀ yóò máa fi agbára ti ìtọ̀, síbẹ̀ kò ní lè tú gbogbo rẹ̀ dànù. Èyí tí ó ṣẹ́kù ni ó ń jí baálé lóru. Bí a bá fi í sílẹ̀ pẹ́ títí, kòkòrò àrùn lè gbilẹ̀ nínú ìtọ̀ tí ó dúró síbẹ̀, ìtọ̀ náà sì lè padà sẹ́yìn lọ ba kíndìnrín jẹ́.

Wíwú yìí kì í ṣe àrùn jẹjẹrẹ, kì í sì í di jẹjẹrẹ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹ̀tọ́ ọjọ́ ogbó: nǹkan bí ìdajì àwọn ọkùnrin tí wọ́n wà láàrin ọdún 51 sí 60 ni ó ti bẹ̀rẹ̀ lára wọn, bí wọ́n bá sì ti kọjá ọdún 80, ó lè tó mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Ọ̀tọ̀ ni jẹjẹrẹ pírósítéètì. Èyí lè bẹ̀rẹ̀ nínú kókó kan náà láìjẹ́ pé ìtọ̀ yí padà rárá. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé ìgbà tí ó bá wọ inú egungun, tí ẹ̀yìn àti ìbàdí bẹ̀rẹ̀ sí í ro bàbá, tí wọ́n ń fi òróró wọ́ ọ ní orúkọ làkúrègbé, ni àṣírí rẹ̀ tó ń tú.

Ní ọdún 2022, nǹkan bí 1,467,000 ọkùnrin ni a rí jẹjẹrẹ yìí lára wọn káàkiri ayé, nǹkan bí 397,000 ni ó sì pa. Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, òun ni ó wọ́pọ̀ jù lọ nínú gbogbo jẹjẹrẹ tí ń mú ọkùnrin. Kò mọ olówó, kò mọ olókìkí. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ pírósítéètì fún Nelson Mandela ní ọdún 1985 nígbà tí ó ṣì wà lẹ́wọ̀n. Ní ọdún 2001 ni wọ́n tún rí jẹjẹrẹ níbẹ̀. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, ó sì gbé ọdún 12 sí i láyé. Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Desmond Tutu gbọ́ ìròyìn tirẹ̀ ní ọdún 1997, kò sì kú títí di ọdún 2021, nígbà tí ó ti di ẹni 90 ọdún. Àwọn méjèèjì kò fi í pamọ́ fún aráyé.

Nígbà kan rí, àwọn onímọ̀ gbà pé àrùn náà kò pọ̀ ní ilẹ̀ wa. Nínú ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 1980, tí wọ́n fi ìlú Ìbàdàn wé Washington ní Amẹ́ríkà, wọ́n pe Ìbàdàn ní ibi tí jẹjẹrẹ pírósítéètì ti ṣọ̀wọ́n láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú, wọ́n sì pe Washington ní ibi tí ó ti pọ̀. Ní ọdún 1997, Dókítà D. N. Osegbe láti Èkó kọ̀wé tako èrò yìí. Ó ní àrùn náà wọ́pọ̀ láàrin àwọn ọmọ Nàìjíríà ju bí ayé ti rò lọ. Lónìí, kò tún sí ẹni tí ń jiyàn rẹ̀. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ni ó ń mú jù, ẹni tí ó bá sì mú bàbá rẹ̀ tàbí arákùnrin rẹ̀ rí wà nínú ewu tí ó tó ìlọ́po méjì ti ẹlòmíràn.

Ọjọ́ orí, ẹ̀yà àti ìdílé: kò sí ẹni tí ó lè pààrọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Báwo wá ni ọ̀rọ̀ oúnjẹ ṣe wọ inú rẹ̀? Ọ̀dọ̀ àwọn ará Japan ni a ti kọ́kọ́ rí i. Àrùn náà kò pọ̀ ní ilẹ̀ wọn nígbà náà. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 1968 fi hàn pé àwọn ọmọ Japan tí wọ́n ṣí lọ sí Amẹ́ríkà ń kú nípa rẹ̀ ju àwọn tí wọ́n jókòó sílé lọ. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni, ìkòkò ni ó yàtọ̀. Ní tòótọ́, kì í ṣe ìkòkò nìkan ni ó yàtọ̀ láàrin Tokyo àti California, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìdérí ìkòkò wò.

Ohun tí wọ́n rí tí ó tan kálẹ̀ jù ni ọ̀rọ̀ tòmátì. Nínú ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 1995, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà ṣe àkójọ oúnjẹ 47,894 ọkùnrin tí wọ́n jẹ́ òṣìṣẹ́ ìlera. Àwọn tí wọ́n ń jẹ oúnjẹ onítòmátì ju ìgbà mẹ́wàá lọ ní ọ̀sẹ̀ kan ni jẹjẹrẹ náà mú dín ní 35 nínú ọgọ́rùn-ún sí àwọn tí kì í jẹ ẹ́ tó ìgbà méjì. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mọ́ aráalé ni pé kì í ṣe tòmátì tí a fún mu ní omi ni ó ṣe é. Èyí tí a sè ni ó hàn jù.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ohun tí ó mú tòmátì pupa ni èròjà kan tí wọ́n ń pè ní láíkópíìnì. Nínú tòmátì tútù, inú ara èso náà ni ó há sí, ikùn ènìyàn kì í sì í rí púpọ̀ yọ nínú rẹ̀. Iná ni ó ń tú u sílẹ̀. Nígbà tí ó bá sì jáde tán, kì í yọ́ nínú omi. Inú òróró ni ó ń yọ́, bí kò bá sì sí òróró díẹ̀ nínú oúnjẹ náà, ara kò ní lè gbà á. Ẹni tí ó bá mọ bí a ti ń se ọbẹ̀ ata nílẹ̀ Yorùbá yóò rí i pé àwọn ìyá wa ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí onímọ̀ kankan tó kọ ìwé: wọn a lọ tòmátì, tàtàṣé àti àlùbọ́sà pọ̀, wọn a sè é títí omi rẹ̀ yóò fi fà, wọn a sì dín in nínú òróró títí yóò fi dá epo sókè. Ó kàn jẹ́ pé òróró díẹ̀ ni iṣẹ́ náà ń fẹ́. Ọbẹ̀ tí epo rẹ̀ ga ní ìka méjì lórí ata, èyí tí a ń gbé fún àlejò pàtàkì, ti kọjá oògùn.

Tòmátì nìkan kọ́ ni ó ní láíkópíìnì. Ó wà nínú ìbẹ́pẹ tí inú rẹ̀ pupa, nínú gúáfà tí inú rẹ̀ pupa àti nínú èso bàrà olómi pupa tí àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Òkè Ọya ń kó wá. Tòmátì inú agolo náà ní in, nítorí pé a ti sè é. Iyọ̀ rẹ̀ ni kí olùsè ṣọ́. Epo pupa ní èròjà tí ó bá a tan, òun ni ó fún epo náà ní àwọ̀. Èyí ni ó fi jẹ́ àdánù láti da epo pupa sínú apẹ, kí a ti ìdérí dé e, kí a sì máa yọ́ ọ lórí iná títí yóò fi funfun. Adùn rẹ̀ lè dára lẹ́nu, ṣùgbọ́n ohun rere inú rẹ̀ ti bá èéfín lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí èyí sọ tòmátì di oògùn jẹjẹrẹ. Ní ọdún 2014, àjọ World Cancer Research Fund tún gbogbo ìwádìí wọ̀n wò, wọ́n sì sọ pé ẹ̀rí tòmátì kò tíì lágbára tó láti fi ọwọ́ rẹ̀ sọ̀yà. Ohun tí wọ́n dì mú jù ní ọdún náà ni ọ̀rọ̀ ara sísan jù. Ọkùnrin tí ó sanra rékọjá ni ó ṣeé ṣe jù kí jẹjẹrẹ náà ti le kí a tó rí i lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò dùn létí ní àwùjọ tí ikùn ńlá ti jẹ́ ẹ̀rí pé owó wà. Ó sì kan abọ́ oúnjẹ tààrà. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, iyán tàbí àmàlà ni ó ń kún abọ́, ẹ̀fọ́ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò ju èyí tí yóò ti òkèlè lọ sí ọ̀fun lọ. Bí ìyá ilé bá dín òkèlè náà kù sí ìdajì, tí ó sì fi ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, gbúre tàbí ilá dí àyè rẹ̀, baálé yóò kùn fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà, ikùn yóò gbà.

Ẹran ni ọ̀rọ̀ tí ó tún le ju èyí lọ. Ní ọdún 2008, ìwádìí kan lára àwọn ọkùnrin tí wọ́n lé ní 4,000 ní Amẹ́ríkà fi hàn pé pírósítéètì àwọn tí wọ́n ń jẹ ẹran pupa lójoojúmọ́ ni ó wú tí ó sì ń yọ wọ́n lẹ́nu jù. Àwọn tí ẹ̀fọ́ pọ̀ nínú oúnjẹ wọn ni tiwọn dín kù. Ẹran pupa ni màlúù, ewúrẹ́ àti àgùntàn. Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ jẹjẹrẹ ti Àjọ Ìlera Àgbáyé tí wọ́n wà ní Lyon, ní ilẹ̀ Faransé, ka ẹran pupa mọ́ ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó máa fa jẹjẹrẹ. Ti ìfun ni wọ́n tẹnu mọ́ jù, ṣùgbọ́n wọ́n dárúkọ ti pírósítéètì náà.

Bí a ti ń se ẹran náà wà nínú ọ̀rọ̀ ọ̀hún. Ẹni tí ó bá gba ìgboro Ìlọrin kọjá ní àṣálẹ́ yóò rí ọ̀pá súyà tí wọ́n tò yí iná ká. Oúnjẹ aládùn ni, kò sì sí ẹni tí ó ní kí á má tọ́ ọ wò. Ṣùgbọ́n nígbà tí iná gbígbóná janjan bá ba ẹran títí ojú rẹ̀ fi jó dúdú, àwọn èròjà burúkú kan ń dìde nínú ẹran náà tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí ó wà ní tútù. Bí ọ̀rá bá sì ń kán sínú ẹyin iná, èéfín tí ó ń rú sókè a tún gbé òmíràn lé e lórí. Ọ̀kan nínú àwọn èròjà wọ̀nyí ni wọ́n fún eku jẹ nínú ìdánwò, ó sì fa jẹjẹrẹ pírósítéètì fún wọn. Eku kì í ṣe ènìyàn, ìwọ̀n tí wọ́n fún wọn sì pọ̀ púpọ̀. Síbẹ̀, ọgbọ́n ni kí a gé ibi tí ó ti jó dànù, kí a bọ ẹran náà díẹ̀ kí ó tó dé orí iná kí ó má baà pẹ́ níbẹ̀, kí a sì fi àlùbọ́sà tí ó pọ̀ jẹ ẹ́. Ẹran tí a bọ̀ nínú omi rẹ̀, bí ìyá àgbà ti ń ṣe, kò ní wàhálà yìí nínú. Ohun kan náà ni ó kan ẹja tí wọ́n yan títí awọ rẹ̀ fi di èédú.

Kí ni a ó wá fi rọ́pò ẹran? Ẹja tí ó lọ́ràá, bí títọ́ọ̀sì, dára, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹja odò tí wọ́n ń kó bọ̀ láti Jẹ́bà. Ẹ̀wà ni baba wọn. Gbẹ̀gìrì, mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀wà àdàlú ń fún ara ní ohun tí ẹran ń fún un, wọ́n sì tún ń mú kí ìgbẹ́ rọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin kò mọ̀ nìyí: bí ìgbẹ́ bá le tí ó sì dúró sí ìdí, ó ń tẹ àpò ìtọ̀ láti ẹ̀yìn, ìtọ̀ tí ó ti ń ṣòro tẹ́lẹ̀ yóò tún wá ṣòro sí i. Sóyà, tí wọ́n kọ́kọ́ mú wọ ilẹ̀ wa ní ọdún 1908 ní oko ìjọba Moor Plantation ní Ìbàdàn, jẹ́ ọ̀kan lára oúnjẹ tí àwọn ará Japan ń jẹ láti ìran dé ìran, ó sì ti di wàrà sóyà ní ọjà wa. Ní ti wàrà Fúlàní gan-an, àwọn ìwádìí kan ti fura sí i pé wàrà àti mílíìkì tí ó pọ̀ jù lè máà bá pírósítéètì rẹ́. Ẹ̀rí náà kò tó láti lé wàrà jáde nílé. Ẹ̀là méjì tàbí mẹ́ta nínú ọbẹ̀ kò ní pa ẹnikẹ́ni lára.

Ọ̀tọ̀ ni ohun tí ń dènà àrùn, ọ̀tọ̀ ni ohun tí ń jẹ́ kí àgbà sùn. Ní ti oorun, iyọ̀ ni ọ̀tá tí ènìyàn kì í fura sí. Àwọn dókítà láti Nagasaki ní ilẹ̀ Japan jábọ̀ ní ọdún 2017 nípa àwọn ènìyàn tí wọ́n ń jẹ iyọ̀ púpọ̀ tí oorun wọn sì ń já. Àwọn 223 tí wọ́n dín iyọ̀ kù láti gíráàmù 10.7 lójúmọ́ sí 8.0 rí i pé dídìde lóru wọn wálẹ̀ láti ìgbà 2.3 sí 1.4. Kò sí ẹni tí ó fún wọn ní oògùn. Bí a bá rántí iye iyọ̀ tí ó wà nínú magí, tí a tún wá ń bu iyọ̀ lé magí, a ó mọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀. Irú àti edé lè gbé adùn ọbẹ̀ dúró bí olùsè bá ní sùúrù.

Obì tẹ̀lé e. Èròjà tí ó wà nínú kọfí, tí ó ń lé oorun lọ, ni ó wà nínú obì àbàtà àti gbànja. Ó ń mú ìtọ̀ yára, ó sì ń bínú sí àpò ìtọ̀. Àgbà tí ó ń pa obì jẹ títí di aago mẹ́wàá alẹ́, tí ó wá ń ṣàròyé pé òun kò sùn, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pe ìṣòro náà. Tíì líle àti ọtí wà ní ọ̀nà kan náà. Omi fúnra rẹ̀ kò ṣẹ̀. Kí ènìyàn mu ún dáadáa ní ọ̀sán, kí ó sì dín in kù ní nǹkan bí wákàtí méjì kí ó tó sùn. Nínú oṣù Ràmàdáànì, ọ̀rọ̀ yìí máa ń le, nítorí pé alẹ́ nìkan ni omi mímu wà. Ó sàn kí alààwẹ̀ pín omi rẹ̀ sí àárín ìṣínu àti sààrì ju kí ó dà á mu lẹ́ẹ̀kan náà lọ, kí ó sì fi tíì sílẹ̀.

Ó yẹ kí a fi gbólóhùn kan bọ̀ ọ́ pé kì í ṣe gbogbo ìtọ̀ òru ni ti pírósítéètì. Àtọ̀gbẹ náà ń jí ènìyàn lóru, òùngbẹ a sì máa bá a rìn. Àyẹ̀wò ni ó ń yà wọ́n sọ́tọ̀.

Àwọn oníṣòwò ti rí ọjà nínú ìpayà àwọn àgbà. Oríṣiríṣi hóró oògùn ni wọ́n ń polówó pé ó ń fọ pírósítéètì mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìdánwò ńlá kan bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2001 lára ọkùnrin 35,533, láti mọ̀ bóyá fítámì E àti sẹlẹ́níọ̀mù yóò dènà jẹjẹrẹ yìí. Ní ọdún 2008 wọ́n dá a dúró, nítorí pé kò ṣe nǹkan kan. Ní ọdún 2011, nígbà tí wọ́n tún ìṣirò náà ṣe, àwọn tí wọ́n lo fítámì E nìkan ni jẹjẹrẹ mú ju àwọn tí kò lo nǹkan kan lọ, pẹ̀lú 17 nínú ọgọ́rùn-ún. Èso ọ̀pẹ Amẹ́ríkà kan tí wọ́n ń pè ní saw palmetto, tí ó wọ́n bí ojú, kò sàn ju oògùn ẹ̀tàn lọ nínú ìdánwò ọdún 2006 àti ti 2011. Ohun tí ó wà nínú èso àti ẹ̀fọ́, bí a bá fà á yọ kí a sì dì í sínú hóró, ó lè yí ìwà padà.

Àgbo wá ńkọ́? Kò sí ẹni tí ó lè fi gbogbo ẹnu sọ pé ewé ilẹ̀ wa kò ní agbára. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ àgbo tí wọ́n ń tà ní igun ọjà ni wọ́n rẹ sínú ọtí líle, ọtí náà sì ń dá kún ìtọ̀. Èyí tí ó burú jù ni àkókò tí ó ń fi ṣòfò. Jẹjẹrẹ pírósítéètì tí a bá rí nígbà tí ó ṣì wà nínú kókó rẹ̀ ṣeé wò sàn. Oṣù mẹ́jọ tí bàbá fi ń ti ìgò kan bọ́ sí òmíràn ni àrùn fi ń rin ìrìn àjò rẹ̀. Àwọn oògùn ọ̀fìnkìn kan tí a ń rà láìbéèrè ní ṣọ́ọ̀bù náà lè dá ìtọ̀ dúró pátápátá fún ẹni tí tirẹ̀ ti ń ṣòro. Bí ìtọ̀ bá sì dá dúró, tí ikùn ń le, tí bàbá ń làágùn, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n fi rọ́bà fà á. Ọ̀ràn ẹ̀fọ́ ti kọjá níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìtọ̀ tí ó bá bá ẹ̀jẹ̀ jáde.

Ní Amẹ́ríkà, ọdún 45 ni ẹgbẹ́ tí ń gbógun ti jẹjẹrẹ níbẹ̀ ní kí ọkùnrin aláwọ̀ dúdú bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ àyẹ̀wò. Ọdún 40 ni fún ẹni tí ó mú ju ẹnì kan lọ nínú bàbá, arákùnrin tàbí ọmọ rẹ̀. Ọ̀nà méjì ni dókítà sábà máa ń gbà wò ó. Ọ̀kan ni kí ó fi ìka tí ó wọ ìbọ̀wọ́ kan kókó náà láti ojú ìdí, èyí tí kì í gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin fi ń sá. Èkejì ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní PSA. Nọ́ńbà PSA tí ó ga kò túmọ̀ sí jẹjẹrẹ dandan. Wíwú lásán lè gbé e ga, kòkòrò àrùn inú ìtọ̀ náà lè gbé e ga. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é kò gbọdọ̀ bá obìnrin lò pọ̀ fún ọjọ́ méjì ṣáájú, kò sì gbọdọ̀ gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ọ̀nà jíjìn láàrin àkókò náà. Bí àrùn ìtọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é, kí ó dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bí ìgò àgbo kan bá wà ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, kí ó gbé e dání lọ fi han dókítà.